Ẹ̀fẹ̀ Tí Ń Báni Wí: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Àwọn Àwòrán William Hogarth

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 12:1–14, Máttéù 7:1–5

Agbára káká ni ọjọ́ kan fi ń kọjá kí àwòrán ẹ̀fẹ̀ má wọ orí fóònù wa. Bí wọ́n ti ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi wòlíì àti bíṣọ́ọ̀bù ṣe é. Àwọn ọmọ wa ń rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀rín yìí, tàbí ìbáwí? Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù kan wá ìdáhùn.

1. Ọkùnrin náà àti iṣẹ́ rẹ̀

A bí William Hogarth ní 1697. Ó kú ní 1764. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń fín ọnà sára fàdákà. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín àwòrán sójú bàbà pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá fín in tán, wọn a fi tádàwà kún ojú ọnà náà, wọn a nu ìyókù kúrò, wọn a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Bàbà kan ṣoṣo a máa bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán. Nípa báyìí, àwòrán kúrò ní ohun tí ọlọ́rọ̀ nìkan ń gbé kọ́ sára ògiri; ó di ohun tí ẹni tí ń kọjá lọ ń rí lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù.

2. Àwòrán ọtí

Ní ìgbà náà, ọtí líle tí a ń pè ní gin ń ba Lọ́ńdọ̀nù jẹ́, nítorí pé kò wọ́n. Ní 1751, Hogarth tẹ àwòrán Gin Lane jáde. Obìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọtí ti pa á. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bọ́, ó ń já lulẹ̀, ìyá kò sì mọ̀. Káfíńtà gbé ayùn rẹ̀, ìyàwó ilé gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ń dógò kí wọ́n lè rówó mutí. Ọkùnrin kan àti ajá jọ ń jẹ eegun kan náà. Ilé ń wó, ṣùgbọ́n ilé ẹni tí ń gba ìdógò dúró digbí. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ó wà, ṣóńṣó orí rẹ̀ ni a ń rí.

A kò fara mọ́ gbogbo èrò Hogarth, nítorí nínú àwòrán kejì tí ó bá èyí rìn, bíà ni ó ń yìn! Síbẹ̀, ọdún náà gan-an ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin tí ó dín títa gin kù. Àwòrán nìkan kọ́ ló ṣe é. Adájọ́ Henry Fielding, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí a sì rántí pé Hogarth wà lára àwọn alábòójútó àkọ́kọ́ ní Foundling Hospital, ilé tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè tọ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

3. Àwòrán ìbò

Ìbò tí wọ́n dì ní Oxfordshire ní 1754 ni ó mú kí ó ya àwòrán mẹ́rin mìíràn. Nínú ọ̀kan, àgbẹ̀ kan dúró láàárín aṣojú ẹgbẹ́ méjì, àwọn méjèèjì ń fi owó sí i lọ́wọ́. Nínú òmíràn, wọ́n gbé ẹni tí ń kú lọ wá dìbò. Lọ́ọ̀ọ́kán, kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ó dúró fún orílẹ̀-èdè ti fẹ́ dojú dé, àwọn awakọ̀ rẹ̀ sì ń ta káàdì. Àwa tí a ti gbọ́ “dìbò kí o sebẹ̀” kò nílò ògbufọ̀ níhìn-ín.

4. Àwòrán ìjọ

Èyí kan àwa oníwàásù. Nínú The Sleeping Congregation, ti 1736, àlùfáà ń ka ìwàásù, iyanrìn agogo rẹ̀ ti dà tán, ìjọ sì ń hanrun. Ẹsẹ tí ó ń wàásù lé lórí ni èyí tí Olúwa ti pe àwọn tí ń ṣiṣẹ̀ẹ́ wá sínú ìsinmi! Akọ̀wé ìjọ tí kò sùn ń fi ojú wo àyà ọmọbìnrin tí ó sùn. Ta ni yóò bínú sí èyí? Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ní 1762, ó fín òmíràn tí ó fi ìtara àwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé ohun tí a fi ń wọn ìgbóná sórí ìwé ìwàásù Wesley, ó fi ń wọn wèrè àwọn olùjọsìn. Ní 1842, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, Thomas Birch Freeman, ọmọ ìjọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín náà, mú ìhìnrere dé Badagry. Ẹlẹ́fẹ̀ kì í ṣe onídàájọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Èkíní, kí a wo ẹni tí ẹ̀fẹ̀ ń bá wí. Ọba ni Nátánì pa àlọ́ fún, kì í ṣe òtòṣì tí wọ́n gba àgùntàn rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí ń fi arọ tàbí aláìní ṣe ẹlẹ́yà, ìkà ni.

Èkejì, bí wọ́n bá fi wá ṣẹ̀fẹ̀, kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí a tún ọ̀nà wa ṣe. Bí irọ́ bá ni, kí a fi sùúrù bá iṣẹ́ wa lọ; èso yóò jẹ́rìí. Ìbínú kò sí nínú méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, igi ojú ara ẹni ni kí a kọ́kọ́ yọ. Ẹni tí ó gba owó ìbò, tí ó tún ń fi àwòrán olè ránṣẹ́, ara rẹ̀ ni ó ń yà.

Fún ìjíròrò nínú ilé: Ẹ̀yin òbí, àwòrán ẹ̀fẹ̀ wo ni ọmọ yín fi ránṣẹ́ kẹ́yìn? Ta ni ó ń bá wí? Ǹjẹ́ a lè fi í han ẹni náà lójúkojú?

Kí Olúwa fún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àwọn ọmọ tí yóò ní ojú láti rí àìtọ́, àti ọkàn tí yóò fẹ́ àtúnṣe. Àmín.