Àrọ̀ Tí Ó Rìn Jáde Nínú Omi

Ní Igolo, ní ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, bàbá kan gbẹ́ kòtò omi sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń sin ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀. Owó ẹja náà ni ó fi ń ra ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, omi sì kún dé etí kòtò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin rí àrọ̀ mẹ́ta nínú koríko. Wọn kò tíì kú.

"Bàbá, ẹ wá wò ó! Ta ni ó kó ẹja wa jáde?"

"Kò sẹ́ni tó kó wọn, ọmọ mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n rìn jáde."

"Ẹja tí kò lẹ́sẹ̀?"

Bàbá ju ọ̀kan sínú abọ́ omi ńlá. "Wo ara rẹ̀ dáadáa."

Iṣan ló kún ara ẹja, ní ọ̀tún àti ní òsì eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹran ẹja tí à ń jẹ, iṣan yìí náà ni. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ṣí ní ìpele-ìpele bí a bá sè é. Bí iṣan ọ̀tún bá súnkì, ti òsì a dẹ̀, ara ẹja a sì tẹ̀ sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ti òsì a súnkì. Báyìí ni ìrù ṣe ń lọ sọ́tùn-ún sósì. Ìrù ń ti omi sẹ́yìn, ẹja ń lọ síwájú, bí ìgbà tí èèyàn ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀.

Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti ti abẹ́ kì í jẹ́ kí ẹja dojú dé. Méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni ó fi ń yà. Ti àrọ̀ ní eegun líle nínú. Ẹni tí ó bá ti gún lọ́wọ́ rí kò ní gbàgbé. Lórí ilẹ̀ tútù, àrọ̀ a fi eegun náà tẹ ilẹ̀ bí ọ̀pá, a máa ju ìrù, a sì máa wọ́ lọ. Ó tún lè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, kì í tètè kú. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá inú koríko títí, wọ́n tún rí mẹ́rin. Ipa àwọn yòókù já sí gọ́tà.

Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá àti ọmọ ti fi àwọ̀n yí kòtò náà ká.