Dáyámọ́ńdì àti Pẹ́ńsùlù: Ọmọ Ìyá Kan Náà

Ohun dúdú tí ó wà nínú pẹ́ńsùlù kì í ṣe òjé bí ọ̀pọ̀ ti rò. Gráfáìtì ni. Kábọ́nù ni òun àti dáyámọ́ńdì. Smithson Tennant, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn ní 1797 nígbà tí ó dáná sun dáyámọ́ńdì, tí afẹ́fẹ́ tí ó jáde sì bá ti èédú mu.

Bí wọ́n ṣe di ara wọn mú ni ó yà wọ́n. Nínú dáyámọ́ńdì, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mìíràn mú níhà gbogbo; kò sí ibi tí yóò ti yẹ̀. Nínú gráfáìtì, mẹ́ta péré ni, wọ́n sì tò pẹrẹsẹ ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé. Ìpele kan ń yọ̀ lórí èkejì. Èyí tí ó bá ṣí kúrò ni ó ń lẹ̀ mọ́ ìwé wa. Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀ o: ó ń gbé iná mànàmáná, ó sì wà nínú bátìrì fóònù yín.

Ti owó ńkọ́? Ní 1954, ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà fi ooru àti ìfúnpọ̀ ńlá sọ kábọ́nù di dáyámọ́ńdì. Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe lónìí kò yàtọ̀ ní ìtòpọ̀ sí ti inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí i jìnnà. Nítorí náà, arákùnrin tí ó fẹ́ yáwó ra òrùka dáyámọ́ńdì, kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á: èló ni yóò fi rà á padà?