Ọ̀rọ̀-ìperí fún Ètò Àṣẹ àti Ìwéwèé ní Ẹ̀ka Eré Ìdárayá Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Bí wọ́n ṣe ń darí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé àwọn olóòtú náà lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bá yọjú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìṣàkóso, ni ó máa ń ru gbogbo ẹrù. Ẹni tí ń pàṣẹ ń ṣàkóso. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ń ṣàkóso. Ẹni tí ń gbani nímọ̀ràn lásán pàápàá, wọn a ní ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìṣàkóso.

Ibi tí èyí ti ń pa ènìyàn lára ni ọ̀ràn ẹ̀ka eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Kì í ṣe òní ni ọ̀dọ́ Yorùbá ti ń lọ síbẹ̀. Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, dé Yunifásítì Houston ní 1980. Ó wà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ tí ó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà ní 1982, 1983 àti 1984. Ọ̀pọ̀ ni ó ti tẹ̀lé e. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí, àwọn òbí tí ó wà nílé ni ó sì ń béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kò bá ya ẹni tí ń pàṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń dámọ̀ràn, ó ti ṣì wọ́n lọ́nà, ì báà jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó lò ni ó wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè.

Àṣẹ, àkóso àti ìmọ̀ràn

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní governance kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ọ́fíìsì. Bí wọ́n ṣe pín àṣẹ ni: ta ni ó lè yan olùdarí eré ìdárayá, ta ni ó lè yọ ọ́, ta ni ó ń fọwọ́ sí ìnáwó, ta ni ó ń yẹ ìwé owó wò lẹ́yìn náà. Ìṣàkóso bá iṣẹ́ ojoojúmọ́ mu, kí ó sì dúró síbẹ̀. Fún pípín àṣẹ, ètò àṣẹ ni ó yẹ. Ìṣèjọba kò bójú mu, nítorí pé ọ̀ràn ìlú ni ó ń fa ọkàn lọ sí. Àwọn Yorùbá kúkú mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tipẹ́. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ni ó ń jọba, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó ń yàn án, Baṣọ̀run sì lè kéde fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pe ìgbìmọ̀ gíga yunifásítì ní afọbajẹ, afọbajẹ kì í fọwọ́ sí ìnáwó pápá ìṣeré.)

Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà fúnra wọn ń sọ bí àṣẹ ṣe ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn yunifásítì ìhà àárín Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1896 ní orúkọ tí ó gùn nínú ìwé, èyí tí ó lè di Àpérò Àwọn Olùkọ́-Aṣojú fún Eré láàrin Yunifásítì. Big Ten, ìyẹn Àwọn Ńlá Mẹ́wàá, ni àwọn ènìyàn ń pè é, orúkọ yìí ni ó sì borí. Olùkọ́ ti jáde kúrò nínú orúkọ, iye ni ó kù síbẹ̀, iye náà pàápàá kò sì tọ̀nà mọ́: láti 2024, yunifásítì 18 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bákan náà ni ní Yunifásítì Michigan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ìgbìmọ̀ tí ó wà fún eré ìdárayá níbẹ̀ sọ ní gbangba pé àkóso wà lọ́wọ́ rẹ̀; lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà sí ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn.

Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ìgbìmọ̀ eré ìdárayá fún orúkọ méjèèjì ti pa ìtàn yẹn rẹ́. Inú gbà àti ìmọ̀ ni gbìmọ̀ ti jáde; ìfikùnlukùn ni ìpilẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe pípàṣẹ. Nítorí náà kò yẹ kí ìgbìmọ̀ dá dúró nínú irú ìwé yìí. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ tàbí ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ni kí ó jẹ́, kí ẹ̀yán rẹ̀ sì máa bá a lọ níbi gbogbo tí ó bá ti jáde nínú ìwé náà.

Ipò kan tún wà tí ó ń fẹ́ ìṣọ́ra. NCAA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906 tí ó sì gba orúkọ yìí ní 1910, pa á láṣẹ pé kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan láàrin àwọn olùkọ́, tí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá, kí ó máa ṣojú yunifásítì náà lọ́dọ̀ àjọ, kí ó sì máa ṣọ́ ọ̀ràn ẹ̀kọ́ àwọn eléré. Bí wọ́n bá pè é ní aṣojú olùkọ́, ẹni tí ó bá gbọ́ yóò rò pé àwọn olùkọ́ ni ó yàn án, àwọn ni ó sì ń ṣojú fún. Ó sì wọ́pọ̀ pé olórí yunifásítì ni ó yàn án. Olùkọ́-aṣojú ni kí wọ́n pè é: olùkọ́ ni, iṣẹ́ aṣojú ni ó ń ṣe.

Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ Knight, tí wọ́n gbé dìde ní 1989, gbé jáde ní 1991 fi ètò àṣẹ náà lélẹ̀ ní kúkúrú: kí àṣẹ wà lọ́wọ́ olórí yunifásítì, kí ó sì lò ó fún ìṣòtítọ́ nínú ẹ̀kọ́, ìṣòtítọ́ nínú owó, àti ìjẹ́rìísí láti ọwọ́ ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn náà. Olùyẹ̀wò ni ó bá ẹni ìkẹyìn yìí mu. Alábòójútó kò bá a mu, nítorí pé alábòójútó wà lára ilé tí ó ń bójú tó.

Orí ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yán rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni student-athlete. Ní 1953, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Colorado dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù kan tí ó fara pa ní Yunifásítì Denver, àti pé owó gbà-má-bìínú tọ́ sí i. Ní 1955, agbábọ́ọ̀lù mìíràn fara pa fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ó sì kú. Opó rẹ̀ béèrè fún irú owó bẹ́ẹ̀. Ní 1957, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́, kò sì rí owó gbà. Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà fìdí múlẹ̀ nínú ìwé NCAA. Walter Byers, tí ó di olùdarí àgbà àjọ náà ní 1951 tí ó sì lò ju 30 ọdún níbẹ̀, jẹ́wọ́ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1995 pé àwọn ni wọ́n hun ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n sì sọ ọ́ di dandan, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò ka eléré sí òṣìṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè rí ìbí ọ̀rọ̀ kan àti èrò ẹni tí ó bí i kedere tó báyìí.

Nínú àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó gbẹ̀yìn ni ó sábà máa ń jẹ́ orí, èyí tí ó ṣíwájú ni ẹ̀yán. Eléré ni orí student-athlete, ohun yòówù kí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó hun ún. Nínú Yorùbá, èyí tí ó ṣíwájú ni orí: ilé ìwé, ilé ni, ìwé ilé, ìwé ni. Bí ògbufọ̀ bá wá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó kọ akẹ́kọ̀ọ́ eléré-ìdárayá, akẹ́kọ̀ọ́ ti di orí, eléré ti di ẹ̀yán lásán. Yorùbá ti ṣe fún Byers ohun tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò ṣe tán fún un. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó dọ́gba ni Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, Yorùbá máa ń fi àmì hàn nígbà tí ó bá so méjì tí ó dọ́gba pọ̀, bí ó ti rí nínú tọkọtaya àti tọmọdé-tàgbà. Kò sí irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú akẹ́kọ̀ọ́ eléré-ìdárayá.

Ìṣòro kejì wà nínú eré fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, eré àti iṣẹ́ kì í gbé ibì kan náà: ọmọ tí ó ń ṣeré ni wọ́n ń bá wí pé kí ó lọ ṣiṣẹ́. Agbẹjọ́rò tí ó bá fẹ́ fi hàn ní Yorùbá pé eléré kì í ṣe òṣìṣẹ́ kò ní wá ẹlẹ́rìí jìnnà. Ṣùgbọ́n eléré ní ìlò mìíràn tí ó ti pẹ́. Nínú eré ni àwọn Alárìnjó ti ń jẹun. Olórin òde ìnáwó, eléré ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ọlọ́jà òde tí yóò pè é wá kí ó má sanwó rẹ̀. Kò sí ohun tí ó dí eléré lọ́wọ́ láti jẹ́ ẹni tí owó tọ́ sí. Eléré-yunifásítì ni ó tọ́ láti lò. Ó sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe, ó sọ ẹni tí ó ń ṣe é fún, ó sì fi ọ̀ràn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún ilé-ẹjọ́.

Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà pàápàá ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, agbẹjọ́rò àgbà fún àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ kọ̀wé pé lílo student-athlete lè mú kí eléré rò pé òun kò ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ó yan gbólóhùn mìíràn, èyí tí ó túmọ̀ sí eléré ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kejì 2025, ẹni tí ó wà ní ipò náà nígbà yẹn fagi lé ìwé yìí. Fún ọ̀dọ́ tí ó ti Nàìjíríà lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, èyí ju àríyànjiyàn inú ìwé lọ. Físà náà fi ààlà sí iṣẹ́ tí ó lè gbowó lé lórí. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ lè mú ẹ̀tọ́ wá fún un, ó sì lè kó ìwé ìgbélùú rẹ̀ sínú ewu.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ń fẹ́ àtúnṣe. Etí Yorùbá tí ó gbọ́ ọ ń rántí ètò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: ọmọ wọlé, ìjọba sanwó, kò sì sí ẹni tí ó bi ọmọ náà bí ó ti lè sáré tó. Owó tí yunifásítì Amẹ́ríkà ń san fún eléré kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1973 ni òfin NCAA ti sọ ọ́ di ti ọdún kan péré, tí wọ́n lè tún ṣe tàbí kí wọ́n má tún un ṣe. Ní 2012 ni wọ́n tó gba yunifásítì láyè láti ṣèlérí rẹ̀ fún ju ọdún kan lọ. Owó-ìrànwọ́ ọlọ́dọọdún àti owó-ìrànwọ́ ọlọ́dún-púpọ̀ ni kí wọ́n fi ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí òbí lè mọ èyí tí ọmọ òun ń fọwọ́ sí.

Ìwéwèé

Strategic plan ti dà ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ láàmú. Ọ̀rọ̀ ogun ni ìdajì rẹ̀. Láti inú orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ọ̀gágun ni ó ti wá. Ète ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n ibi ni wọ́n sábà máa ń pète, ẹni tí ó bá sì gbọ́ nípa ète ẹ̀ka eré ìdárayá yóò fura. Ètò nìkan kò tó, nítorí pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìdíje náà ètò ni. Ìwéwèé ọlọ́jọ́-pípẹ́ sọ bí àkókò ti gùn tó, kò sì sọ ohun tí ó mú un yàtọ̀: yíyan ohun tí wọn yóò ṣe àti ohun tí wọn yóò fi sílẹ̀. Ìwéwèé aṣàyàn ni ó sún mọ́ ọn jù. Kí òǹkàwé kíyè sí ohùn rẹ̀: àṣàyàn, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ni ohun tí wọ́n ti yàn, aṣàyàn, pẹ̀lú ohùn àárín, ni èyí tí ń ṣà tí ó sì ń yàn.

Yíyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní oṣù keje 2020, Yunifásítì Stanford, tí ó ní ẹ̀yà eré ìdárayá 36, kéde pé òun yóò fòpin sí 11 nínú wọn. Olórí yunifásítì, igbákejì rẹ̀ fún ọ̀ràn ẹ̀kọ́ àti olùdarí eré ìdárayá ni ó fọwọ́ sí ìwé náà. Àwọn eléré àti àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ ta kò ó, àwọn kan lọ sí ilé-ẹjọ́, ní oṣù karùn-ún 2021 yunifásítì náà sì yí ìpinnu rẹ̀ padà. Láti 2025, ìnira náà ti pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan tí ó gba yunifásítì láyè láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là tààrà fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Inú àpò kan náà ni owó yìí ti ń jáde pẹ̀lú owó eré tí kò mú èrè wá.

Òfin ọdún 1972 lórí ẹ̀tọ́ obìnrin nínú ẹ̀kọ́ kò sì gba ìwéwèé láyè láti yan bí ó ti wù ú. Ìdọ́gba ni ọ̀rọ̀ tí ó ń wọ́pọ̀ fún un, ó sì lè tanni jẹ. Ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 1979 ni ìbámu-iye: bí obìnrin bá jẹ́ 55 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sún mọ́ 55 nínú 100 eléré. Èyí kì í ṣe kí ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ bákan náà.

Ó ku ọ̀ràn gírámà kan. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé eré mọ́kànlá di píparẹ́, kí ó má sì dárúkọ ẹni tí ó pa wọ́n rẹ́. Yorùbá kò ní irú ìhun bẹ́ẹ̀ gan-an; wọ́n ni ó máa ń fi dípò rẹ̀, wọ́n yìí kò sì ní ojú tí ẹnikẹ́ni lè rí. Nínú ìwé ìròyìn èyí kò burú. Nínú ìtumọ̀ ìwéwèé aṣàyàn, níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ wọlé, kí ògbufọ̀ padà sínú ètò àṣẹ yunifásítì náà, kí ó wá ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ipò rẹ̀ síbẹ̀: ìgbìmọ̀ aláṣẹ, olórí yunifásítì, tàbí olùdarí eré ìdárayá.