Ìkórè Wo Lèyí?

Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ìpara bá ka ìtàn ìlú tí ayé rẹ̀ ti dojú rú, tí wọ́n sì ní kí ẹ sọ bí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ṣà lò ṣe rí lára yín, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí ní akínyẹmí ara." Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo gan-an? Ta ló ń lò ó lójoojúmọ́, nídìí iṣẹ́ wo, kí òǹkọ̀wé tó mú un wọnú ìtàn?

Ẹ jẹ́ ká fi Season of Anomy ṣe àpẹẹrẹ, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1973. Ọmọ Ìsarà ni baba rẹ̀, ìlú tí òun àti Ìpara jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ. Òǹkọ̀wé yìí wà ní àtìmọ́lé láti 1967 di 1969, nígbà ogun abẹ́lé. Nínú ìtàn náà, àwọn alágbára kan gba òwò kòkó àti ìlú mọ́wọ́. Ofeyi, tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa polówó kòkó, wá ń fi ìpolówó náà tú àṣírí wọn. Wọ́n jí Iriyise olólùfẹ́ rẹ̀ gbé, ó sì ń wá a kiri àárín ìpakúpa.

Ẹ wo àkọlé apá márààrún tí ìwé náà pín sí: Seminal, Buds, Tentacles, Harvest, Spores. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀: irúgbìn, ìrudi, ìkórè. Ẹni tó bá ti jókòó ti òkìtì kòkó rí mọ ìkórè dáadáa. Àdá á la èèpo, ọwọ́ á kó hóró funfun tó ń yọ̀, omi dídùn á máa ro tótó sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Owó iléèwé wà níbẹ̀, aṣọ ọdún náà wà níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ ìkórè ni iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kún iwájú pẹpẹ. Abẹ́ àkọlé yìí kan náà ni Ṣóyínká kó òkú èèyàn jọ sí. Kò pariwo pé ìkà pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń dúpẹ́ ló gbà lọ́wọ́ wa, ẹ̀rù sì bà wá nítorí pé a mọ ohun tó yẹ kó wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Irú ohun tó yẹ kí ẹ kọ nìyẹn: ẹ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ ilé tó ti wá, ẹ wá sọ ohun tí òǹkọ̀wé fi í ṣe. Ẹ lè bá a jiyàn pẹ̀lú. Lójú tèmi, àwòrán inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù níbòmíì, débi pé òǹkàwé á ṣì máa tú ọ̀kan nígbà tí òmíràn ti dé.

Spores ló gba sùúrù jù. Hóró wíńníwínní ni, irú èyí tí olú fi ń bí sí i. Ó ń hù lára ohun tó jẹrà, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ síbi tuntun. Níparí, wọ́n gbé Iriyise jáde kúrò lẹ́wọ̀n. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà. Ìrètí ni mo kà níbẹ̀. Bí ẹlòmíì nínú yín bá ka ìdíbàjẹ́ tó ń tàn kálẹ̀, kò jẹ̀bi, bó bá ṣáà ti lè fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó gbé e débẹ̀.