Fọwọ́ Bu Ilẹ̀ Wò Kí O Tó Tan Katakata

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi katakata jẹun láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, epo dísù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Owó rẹ̀ ń dùn yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó náà, ọwọ́ ara yín lẹ fi ń rì í mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ẹ bá tú hẹ́kítà kan ní sẹ̀ǹtímítà 20, iyẹ̀pẹ̀ tí irin ìtúlẹ̀ yín yí padà tó nǹkan bíi 2,800 tọ́ọ̀nù. Bí awakọ̀ bá rẹ irin sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré sí i, ó ti bu 700 tọ́ọ̀nù mọ́ ẹrù. Típà tó ń ru tọ́ọ̀nù 30 yóò rìn ju ìgbà 20 lọ kó tó kó o tán. Dísù ló ń gbé gbogbo rẹ̀, àpò àgbàdo kan sì lè má tìtorí ẹ̀ lé sí i. Iyanrìn ló pọ̀ lókè ilẹ̀ wa, yangí ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá tú u jìn jù á gbé yangí wá sókè, á sì sin ilẹ̀ dúdú.

Nígbà èwe mi, mo háyà katakata sí oko kan lọ́nà Ìlọrà ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí n lè ṣíwájú ẹgbẹ́ mi. Àwo irin kọ̀, kò wọlẹ̀, ó ń fò lórí ilẹ̀ ni, èéfín dúdú ń rú. Ọjọ́ méjì la fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ògúlùtu ńláńlá sì kún oko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún sanwó kí wọ́n tó fọ́ ọ kúnná.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni mo fi ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹ gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ níbi tí irin máa dé, ẹ fún un nínú àtẹ́lẹwọ́. Bó bá kọ̀ tí kò dì, ó gbẹ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka bí ẹ̀kọ, ó tutù jù, táyà á máa yí lójú kan. Èyí tó dì, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ tó sì fọ́, òun gan-an ni.

Táyà tó ń yọ̀ náà ń jẹ epo. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀rọ oko ní yunifásítì LAUTECH mọ orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé irin sókè, kó yí ní ìgbà 10, ẹ wọn ibi tó dé. Ẹ ti irin bọlẹ̀, kó tún yí ní ìgbà 10. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ mítà 40, tí èkejì jẹ́ 34, ibẹ̀ ni kó mọ. Bó bá yọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé irin sókè díẹ̀. Níbi iṣẹ́ fúyẹ́, ẹ lo gíà gíga, kí ẹ dín iná tí ẹ ń tẹ̀ kù.

Èyí tó dùn mí jù ni títú ilẹ̀ tí kò sọ pé ká tú òun. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn láti ọdún 1970 sí 1987, fi hàn pé ilẹ̀ tí a fi pòròpórò bò, tí a gbin nǹkan sí láìtú u, àgbàrá kì í wọ́ ọ lọ bí èyí tó wà níhòòhò. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020. N kò ní kí ẹ gbin iṣu láìkọ ebè, ilẹ̀ tí koríko ẹ̀kan bò sì lè gba irin. Ṣùgbọ́n oko àgbàdo tó mọ́ láti èṣín, kí la tún ń tú u sí?

Lọ́dún yìí, ẹ ya apá kan sọ́tọ̀, ẹ má tú u. Ẹ kọ lítà epo tí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan jẹ sínú ìwé, kí ẹ kọ àpò tó so sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí òjò àrọ̀kúrò tó dé, ẹ mú ìwé náà wá, ká jọ wò ó.