Òjé Inú Tìróò: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Òkúta Tí À Ń Lé Sójú Ọmọ

Tìróò ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń lé e fún ọmọ tuntun kí ojú rẹ̀ lè dára. Ó yẹ ká mọ ibi tí òkúta rẹ̀ ti wá, torí ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí òkúta náà ṣe dé inú ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ tìróò ọjà, òkúta galena ni wọ́n lọ̀ kúnná. Galena yìí ni wọ́n ti ń yọ òjé. Ó dúdú bí eérú, ó ń dán, ó sì wúwo. Nínú 100 gíráàmù galena tí kò lábùlà, òjé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 87 gíráàmù.

Lórílẹ̀-èdè wa, ó wà ní Ishiagu àti agbègbè Abakaliki ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi. Láyé àtijọ́, omi gbígbóná oníyọ̀ tó gbé òjé dání gba àárín àpáta tó sán kọjá. Níbẹ̀ ni òjé àti imí-ọjọ́ ti dì mọ́ra, tí wọ́n di galena.

Òjé kì í sì dá wà nígbà gbogbo. Ní Zamfara, wúrà làwọn èèyàn ń wà, ṣùgbọ́n òjé wà nínú òkúta kan náà. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti sọ púpọ̀ nínú galena ibẹ̀ di oríṣi òjé mìíràn tó tètè ń yọ́ nínú ikùn. Wọ́n ń lọ òkúta náà nínú agboolé, eruku rẹ̀ sì bà sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣírò pé ó lé ní 400 ọmọdé tó bá a lọ. Innaa lillaahi wa innaa ilayhi raaji'uun.

Tìróò ńkọ́?

Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á tún ki ọwọ́ náà bọnu. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé.

Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ náà lè má ṣàìsàn tó hàn sójú, kí ìwé kàn má wọ̀ ọ́ lórí. Àjọ WHO ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹ má tan ara yín: iná kì í jó òjé kúrò, omi kì í sì fọ̀ ọ́ dànù.

Àwọn kan á ní, "Ṣé sunna kọ́ ni?" Òótọ́ ni pé ithmid wà nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá. Ṣùgbọ́n antimony ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ pe ithmid. Òkúta mìíràn ni, bó tilẹ̀ jọ galena lójú. Orúkọ tí ọlọ́jà pe ọjà rẹ̀ kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ẹ̀sìn wa kò sì fàyè gba kéèyàn ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

1. Ẹ má lé tìróò fún ọmọdé. Kí aláboyún náà má lé e, torí òjé ń ti ara ìyá dé ara ọmọ inú rẹ̀.

2. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ kí eruku má bàa gbéra.

3. Bí ẹ bá ti ń lé e fún ọmọ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá pọ̀, oògùn tó ń fà á jáde wà nílé ìwòsàn. Ẹ má fi àgbo dán an wò.

4. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti wàrà. Ọmọ tó ń jẹun dáadáa, òjé kì í tètè wọ̀ ọ́ lára.

Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kó sì jẹ́ kí ọpọlọ wọn pé. Àmín.