Ẹ dáná sun fọ́nrán kan kí ẹ tó fi àwọ̀ kéèkì rẹ wúùlù

Híhun fìlà ọmọ ọwọ́, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà ti di ohun tí àwọn ìyá ilé àti akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ń gbọ́ bùkátà ní agbègbè Bódìjà àti Agbówó. Àwọ̀ ló máa ń kó wọn sí wàhálà. Oníbàárà á ní àwọ̀ ewé tó rọra tàn lòun fẹ́, ẹ ó yí Dùgbẹ̀ po, pupa àti dúdú náà lẹ ó máa bá pàdé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbèrò láti ra òwú funfun, kí wọ́n fi àwọ̀ tí àwọn oníkéèkì ń lò rẹ ẹ́ nílé. Èrò náà dára, nítorí kò la sódà olóró tí àwọn aláró ń lò lọ.

Àmọ́, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà wa kì í ṣe wúùlù rárá. Acrylic ni, ìyẹn òwú tí wọ́n fi èròjà epo rọ̀bì ṣe. Èyí tí àwọn onídìrí ń pè ní Brazilian wool wà lára wọn. Ẹ sè é láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹ bá ti fi omi ṣàn án, àwọ̀ kéèkì náà á bómi lọ. Òwú tí wọ́n ń ká lóko náà kò ní dì í mú. Ká ní ẹ gba iṣẹ́ fìlà 20 fún ìkómọ, tí ẹ sì ti fi owó àsansílẹ̀ ra òwú àti àwọ̀, gbèsè lẹ rà yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sára òwú náà. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ já fọ́nrán tó gùn tó ìka, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lórí àwo irin, kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá ń rùn bí irun orí tó jóná, tí eérú rẹ̀ dúdú tó sì ṣeé fọwọ́ rún, wúùlù gidi tàbí sányán ni. Bó bá ń rùn bíi bébà, òwú oko ni. Bó bá yọ́, tó wá di kókó líle, acrylic ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi tutù. Èyí tó bá rùn bí irun, tó tún di kókó, àdàlù ni, apá kan ṣoṣo ló máa gba àwọ̀.

Irun ẹran ni wúùlù. Bí omi gbígbóná àti fínígà bá pàdé lára rẹ̀, á máa fa àwọ̀ kéèkì mọ́ra bí òòfà ṣe ń fa irin. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lè ṣe é, ohun yòówù tí wọ́n ì báà sọ fún yín. Ẹni tó bá sì ní omi zobo lòun máa lò, kó mọ̀ pé ọṣẹ á yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Fún wúùlù 100 gíráàmù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún 30 ìṣẹ́jú. Ẹ bu omi lítà mẹ́ta sínú ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, síbí ìjẹun mẹ́fà fínígà, àti àwọ̀ díẹ̀. Ẹ kó òwú náà sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀ títí èéfín á fi máa jáde. Kò gbọdọ̀ hó, ẹ má sì rò ó bí ọbẹ̀. Láàárín 30 sí 45 ìṣẹ́jú, omi náà á mọ́, àwọ̀ á ti wọ inú òwú. Ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù sínú ìkòkò. Ẹni tó bá yọ ọ́ ní gbígbóná, tó sọ ọ́ sínú omi tútù, tó tún ń fọwọ́ bọ́ ọ, wúùlù náà á ká jọ bí irun tó ta kókó, kò ní ṣeé hun mọ́. Àwọ̀ dúdú àti èsè àlùkò máa ń dójú ti èèyàn, torí oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n pò pọ̀, ọ̀kan á sì tètè wọlé ju èkejì lọ.

Ibo la ti máa rí wúùlù gidi? Irun lásán ló wà lára àgùntàn tiwa, òkè òkun ni wúùlù ti ń wá, owó rẹ̀ kò sì kéré. Lójú tèmi, ẹni tó bá ní oníbàárà tó lè san owó náà nìkan ni kó dáwọ́ lé e. Ẹni tó bá ń hun acrylic, kó ra èyí tó ti ní àwọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn òwú oko, ọ̀dọ̀ àwọn aláró ni kó lọ. Aṣọ òwú oko ni àwọn ìyá wa ń kọ iṣẹ́ àdìrẹ Ìbàdàn Dùn sí, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó lára, ẹlú àti omi eérú ni wọ́n sì fi ń rẹ ẹ́.

Oòrùn máa ń pa àwọ̀ kéèkì. Ẹ sọ fún oníbàárà kó tó sanwó pé abẹ́ òjìji ni kó máa sá a sí. Ẹ rẹ gbogbo òwú iṣẹ́ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n àwọ̀ tí ẹ lò sínú ìwé, torí fìlà kejì gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu.